Ẹni Tó Ń Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mẹkáníìkì Mi

Ìjókòó iwájú tó wà lápá ọ̀tún ló kọ́kọ́ mú kí ara fu mí. Mo lọ gba ọkọ̀ mi lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn tí a jáde ilé-ìwé. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn, mo rí i pé wọ́n ti ti ìjókòó náà sẹ́yìn pátápátá, wọ́n sì ti dà á sílẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ fẹ̀yìn tì í dáadáa. Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Ìyàwó mi kọ́, nítorí ìyàwó mi kúrú, ṣe ló máa ń fà á síwájú. Mẹkáníìkì náà kọ́, nítorí ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò lè jókòó síbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi í. Ó ní bóyá ìgbà tí òun ń wo wáyà lábẹ́ ìjókòó ni. Wáyà wo? Ariwo abẹ́ ọkọ̀ ni mo torí ẹ̀ gbé e wá.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ọkọ̀ eré ni, onílẹ̀kùn méjì, aláwọ̀ pupa, tí gíláàsì rẹ̀ dúdú débi pé ẹni tó wà níta kò lè mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó rẹlẹ̀. Tí mo bá pàdé ewúrẹ́ lójú títì, ojúkojú la máa ń wo ara wa. Tòkunbọ̀ ni nígbà tí mo rà á, ó sì ti darúgbó báyìí. Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìwó, owó oṣù tíṣà kò sì dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Àlòkù ni gbogbo ohun tí mo ń rà sí i, Ìbàdàn ni mo sì ti ń wá wọn kiri. Tí mi ò bá rí ti irú ọkọ̀ tèmi, a ó mú ti òmíràn, a ó rẹ́ ẹ, a ó jó o, títí yóò fi gbà. Ṣọ́ọ̀kì tó wà níwájú rẹ̀, ti ọkọ̀ akérò ni. Gbogbo èèyàn ló ti ní kí n tà á. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà Kuta láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ́ńjìnnì yẹn dáhùn, inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan.

Màmá mi kọ̀ láti wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mo gbé e dé agbo ilé wa láti fi hàn wọ́n, wọ́n yí i ká, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n ní, "Irú mọ́tò wo nìyí, tó jẹ́ àgbàlagbà ní láti kúnlẹ̀ fún un kó tó ráàyè wọlé? Èmi ò ní í kúnlẹ̀ fún mọ́tò." Àwọn èèyàn agbo ilé rẹ́rìn-ín títí.

Màmá mi ṣì ń ta aṣọ lọ́jà nígbà náà, wọ́n ṣì ń tà á títí di òní. Àwọn nìkan ló ń gbé nínú yàrá wọn ní agbo ilé, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí ojú ọ̀nà wọn kì í kún fún ẹni tó wá kí wọn. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Àbújá sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí pé ọjọ́ tí ara Màmá bá kọ́kọ́ yẹ̀ báyìí, òun yóò wá kó wọn lọ sọ́dọ̀ òun. Gbogbo wa ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni Màmá ń ká ní tiwọn, wọ́n ká a, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká.

Ẹ má bínú sí mi, n kì í fọkàn tán mẹkáníìkì. Èyí tí mo ń lò kí n tó bọ́ sọ́wọ́ eléyìí yọ bátìrì mi, ó fi òkú bátìrì tó jọ ọ́ síbẹ̀, ó sì tún bá mi ṣàdúrà pé Ọlọ́run yóò ṣọ́ mi lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni mo ti gbọ́n. Mo máa ń fi ọ̀dà èékánná ìyàwó mi tọ́ àmì sára gbogbo ohun tí wọ́n bá lè tú. Mo máa ń gbé àga tèmi lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, n ó jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní ọgbọ́n kan: tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ohun tí wọn ò fẹ́ kí o rí, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa ra gíríìsì wá." Kí o tó dé, wọ́n ti ṣe é tán. Èmi, gíríìsì tèmi ti máa ń wà nínú báàgì mi. Tí wọ́n bá sì fẹ́ wa ọkọ̀ jáde láti dán an wò, a jọ ń lọ ni.

Mẹkáníìkì tí mò ń lò báyìí sàn díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ àdúgbò wa ni, àbúrò ni sí mi, ilé kéwú kan náà la lọ ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Òun ló mọ ọkọ̀ yìí jù nílùú Ìwó, ó mọ ibi tí a ti rẹ́ ẹ àti ibi tí a ti jó o. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn fi dùn mí. Tí mo bá lé e, ta ni n ó tún gbé ọkọ̀ yẹn fún?

Ariwo tí mò ń sọ yẹn bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tó ń mi agolo tí òkúta wà nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì ní ohun kan ti jẹ tán lábẹ́ níbẹ̀, mo sì wá a rà n'Íbàdàn, mo fi ọ̀dà èékánná sí i lára, mo gbé e fún un. Ariwo lọ. Nígbà tó ṣe, ó padà. Ó tún un ṣe, ó lọ, ó tún padà. Ó ní ariwo náà kì í dún dáadáa àfi láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, nítorí náà kí n máa gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún òun ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kí òun lè wà á jáde láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kíláàsì ni mo máa ń wà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìjókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kiri. Mo gbóòórùn lọ́fínńdà, irú èyí tí wọ́n máa ń tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo rí iyẹ̀pẹ̀ pupa lára táyà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ni wọ́n dà sójú ọ̀nà ọgbà mẹkáníìkì. Lọ́jọ́ kan, mo rí ohun dúdú kan lára táwẹ́ẹ̀lì funfun tí mo fi bo ìjókòó ọ̀tún, lókè, níbi tí èèyàn máa ń gbé orí lé. Mo rò pé gíríìsì ni. Ìyàwó mi ló fi ìka kàn án.

"Tìróò nìyí," ló wí.

"Tìróò kẹ̀?"

"Tìróò ta ni?"

"Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti gbé e bọ̀."

"Mẹkáníìkì yín ń lé tìróò?"

Ìyàwó mi ká táwẹ́ẹ̀lì náà, ó gbé e lọ sínú ilé, kò sì fọ̀ ọ́. Ó tọ́jú ẹ̀rí pa mọ́. Inú bí mi. Èmi ni mò ń ra àlòkù kiri, èmi ni mò ń ṣán búrẹ́dì lọ́sàn-án kí ọkọ̀ yìí lè rìn, ẹlòmíràn wá ń fi gbé ọmọge, wọ́n sì ń fura sí mi nínú ilé mi. Lójú mi, ọmọge ni. Nílùú tí tọmọdé tàgbà ti ń lé tìróò, mi ò ronú kan ẹlòmíràn. Mo tilẹ̀ ti mọ bí ọmọge náà ṣe rí: ó pupa, ó ga, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tí mẹkáníìkì bá sọ.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tó kàn pé tí ọkọ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé inú ń run mí. Mo bá ọlọ́kadà kan ṣe é, a sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà mẹkáníìkì níbi tí wọn ò ti lè rí wa. Kò pẹ́, ọkọ̀ mi jáde. Kò dún rárá. Ọkọ̀ tí wọ́n ní wọ́n ń gbé lọ gbọ́ ariwo rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó yà sẹ́yìn ọjà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí kan. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù ńlá jáde láti kọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ó bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé tán, ilẹ̀kùn sì pa dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí.

"Ṣé ìyàwó yín ni, Ọ̀gá?" ọlọ́kadà ló ń béèrè yẹn.

"Ọkọ̀ mi ni."

"Háà. Ọkọ̀ lásán la ń lé báyìí?"

Mo ní kó máa lọ. Ọ̀nà Ilé-Ogbó ni wọ́n kọjú sí. Gbogbo ohun tí mo máa sọ ni mò ń tò jọ lẹ́yìn ọ̀kadà. N ó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́. N ó ní kí ọmọge náà sọ̀ kalẹ̀. N ó ní kí mẹkáníìkì fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìwó, kí ó máa gbọ́ ariwo bàtà ara rẹ̀.

Nígbà tí a dé Ilé-Ogbó, ọkọ̀ náà yà sínú ọgbà ilé ìwòsàn kékeré kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Wọ́n ya ojú ńlá kan sára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn igi kajú kan lódìkejì ọ̀nà. Mẹkáníìkì ti jáde, ó ti yí lọ ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún. Ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ jáde, ó wú díẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀. Mo mọ ẹsẹ̀ náà. Èmi ni mo ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ náà, ní ọdún Iléyá tó kọjá.

Màmá mi ni.

Wọn ò lè dìde tààrà nínú ìjókòó tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí ara padà, wọ́n gbé orúnkún wọn méjèèjì sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n wá ń gbé ara wọn sókè díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì lóṣòó tì wọ́n títí wọ́n fi dìde. Ó bá wọn gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára aṣọ. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń lọ, mo sì rí i bí èjìká òsì wọn ṣe gbá òpó ẹnu ọ̀nà. Òpó funfun gbàgàdà. Wọn ò rí i.

"Ìyá àgbà ni," ni ọlọ́kadà wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ ò ní í lọ kí wọn ni?"

Nígbà tí mẹkáníìkì padà wá jókòó sínú ọkọ̀, mo rìn kọjá títì, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jókòó síbi tí màmá mi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú fèrèsé jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á gbọ́."

"Kí ló ń ṣe màmá mi?"

Ó ń wo ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn. "Wọ́n ti fi Ọlọ́run mú mi, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ."

"Mo ti rí wọn. Kò sí ohun tí o fẹ́ tú síta mọ́. Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Ojú ni. Ti òsì ti lọ, ó ti lọ pátápátá kí wọ́n tó pè mí. Dókítà ní ti ọ̀tún náà ń bọ̀ lọ́nà, àmọ́ tí wọ́n bá ń kán oògùn, tí wọ́n sì ń wá kí wọ́n máa wò ó, ó lè dúró."

"Èmi ńkọ́? Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní tí ẹ bá gbọ́, ìyàwó yín á gbọ́, tí ìyàwó yín bá gbọ́, ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ nìyẹn, Àbújá sì ni. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ jókòó sínú ilé tí wọ́n tilẹ̀kùn pa, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í ké sí àwọn láàárọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n tún ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ bá mọ̀, ọjọ́ yẹn làwọn ò wá mọ́. Kí ojú ọ̀tún náà máa lọ."

"Wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ìyá yín."

Mo mọ̀ wọ́n. Màmá mi bá àbúrò wọn jà nígbà kan, wọ́n ní àwọn ò ní í tẹ ilé rẹ̀ mọ́, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ títí tí wọ́n fi gbé òkú àbúrò náà jáde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń sunkún.

Ara ṣì ń fu mí síbẹ̀. Mo bi í pé ọkọ̀ mélòó ló wà nílùú Ìwó tó fi jẹ́ tèmi ni wọ́n rí lò. Ó ní tèmi ló ní gíláàsì dúdú. Ó ní gbogbo ọlọ́kadà ló mọ Màmá, wọ́n á sì bi wọ́n pé níbo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi mẹkáníìkì pé níbo ló ń gbé ọkọ̀ lọ. Mo bi í nípa ariwo. Ó fọwọ́ bojú. Ó ní bóòtù kan wà lábẹ́ sàlẹ́ńsà, òun ló ń yọ́ wá tú u díẹ̀ tí ọjọ́ dókítà bá kù díẹ̀, òun á sì dè é padà kí wọ́n tó gbéra. Mo bi í nípa ohun tí mo rà n'Íbàdàn. Ó ní ó wà nínú bùútù, lábẹ́ táyà àpamọ́, òun ò lò ó, nítorí ti tẹ́lẹ̀ ò bàjẹ́. Mo lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀, ọ̀dà èékánná ìyàwó mi ṣì wà lára rẹ̀.

Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ dì mọ́ ọn. Mi ò ṣe èyíkéyìí. Ohun tó dùn mí jù ni pé lálaalẹ́ ni mò ń lọ kí màmá mi. Mo máa ń jókòó níwájú wọn, n ó máa ro ẹjọ́ mẹkáníìkì fún wọn, bí ó ṣe ń fi ọgbọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa mi orí, wọ́n á ní kí n ṣọ́ ọ dáadáa. Ojú kan ni wọ́n fi ń wò mí ní gbogbo àkókò yẹn. Mi ò rí i.

"Ó yá kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti mọ̀," ni mẹkáníìkì wí. "Ó ti sú mi, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ irọ́ pa."

"Òótọ́ ni, o ò mọ̀ ọ́n pa," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n máa pa á lọ."

Mo gun ọ̀kadà padà sí Ìwó kí Màmá tó jáde. Nígbà tí ìyàwó mi bi mí ní ìrọ̀lẹ́ bóyá mo ti rí ẹni tó ni tìróò, mo ní àbúrò mẹkáníìkì ni. Kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Àbújá lọ́jọ́ kejì. Ohùn wọn le. Wọ́n ní ìyàwó mi ti sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún àwọn, pé kí n ta ọkọ̀ yẹn kí ó tó tú ilé mi ká, pé ojú ò tì mí, tíṣà bíi tèmi. Wọ́n ní kí n mọ̀ pé tí Màmá bá gbọ́ irú ìwà yìí, ó lè dá àìsàn sí wọn lára. Mo ní ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Mi ò ta ọkọ̀ náà. Títí di òní, tí ìyàwó mi bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ó máa ń kọ́kọ́ wo ìjókòó náà lókè nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí Màmá lẹ́yìn tí a kírun màgàríbì. Wọ́n jókòó sórí ẹní, ife omi wọn wà lápá òsì wọn. Tìróò wà lójú wọn méjèèjì, dúdú, ó gún régé, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó ń ríran nínú wọn. Wọ́n bi mí nípa ilé-ìwé. Wọ́n bi mí nípa ìyàwó mi.

"Mi ò gbọ́ ariwo mọ́tò ẹ nígbà tó o dé."

Mo ti gbàgbé pé ariwo yẹn ló yẹ kí n tìtorí rẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ. Ọ̀túnla, Ọjọ́bọ̀, ni ọjọ́ dókítà, mẹkáníìkì ò sì tíì rí ọkọ̀ náà láti tú bóòtù.

"Ó ń dún, Màmá," ni mo wí. "Tó bá ti gbóná tán ni kì í dún mọ́. Ọ̀la ni mo máa gbé e lọ fún un."

"Mẹkáníìkì yẹn ń rẹ́ ọ jẹ."

"Mo mọ̀, Màmá."

"O wá mọ̀, o sì tún ń gbé e lọ fún un?"

"Kò sẹ́lòmíràn tó mọ ọkọ̀ náà bíi tiẹ̀."

Wọ́n yí orí díẹ̀ kí ojú ọ̀tún lè bá mi, wọ́n sì wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́. Mo mọ irú ìwò yẹn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún rẹ̀. Ara ti ń fu wọ́n. Mo mú fóònù mi jáde, mo ń fi ìka tẹ ohun tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n na ọwọ́ òsì láti mú omi. Ọwọ́ náà lọ sí ẹ̀yìn ife, ó padà, ó kọjá lókè rẹ̀, ó gbá ilẹ̀. Ife náà kò jìnnà sí mi. Tí mo bá tì í síwájú díẹ̀ péré, yóò kàn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á sì mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mo tẹ orí ba sórí fóònù, mo ń gbọ́ bí ìka wọn ṣe ń wá a kiri lórí ẹní.